Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣánnà fún Ètò Ìrìnnà ní Ìpínlẹ̀ Èkó: Ẹ Ṣí Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Láti Ilé Wa Dé Ibùdó Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, Kọmíṣánnà fún Ètò Ìrìnnà,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó yí yín ká ní Alausa. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a lọ tààrà sí ibi tó ń dùn wá.

Ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wá. Ẹnikẹ́ni kò sanwó fún wa. Olùkọ́ wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà, télọ̀ wà, akẹ́kọ̀ọ́ wà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba náà wà. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló pa wá pọ̀. A máa ń kọ́ ọmọdé àti àgbà ní bí wọ́n ṣe ń gùn ún, a máa ń ya fọ́tò ihò àti gọ́tà tó ṣí sílẹ̀ lójú títì, a sì máa ń dúró sí oríta láàárọ̀ kùtùkùtù láti ka àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá. A kọ lẹ́tà yìí síta kí ará Èkó lè bá yín kà á, torí ẹ̀mí wọn ló wà nínú rẹ̀.

Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà kan jáde lórí ìrìnnà tí kì í lo ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ẹsẹ̀ rírìn àti kẹ̀kẹ́ gígùn. LAMATA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ètò ìrìnnà, ló bójú tó o, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, àti ITDP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà nínú ìlú. Inú wa dùn nígbà náà. Lójú tiwa, ohun tí ìjọba fi ọwọ́ sí ni pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí títì bí ọlọ́kọ̀ ṣe ní in. Ọdún ti gorí ọdún láti ìgbà náà. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ jù lọ àdúgbò Èkó, ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ jáde kò lè lọ kìlómítà kan péré láìbá dánfó àti tírélà du ọ̀nà. Níbi tí wọ́n tiẹ̀ ti ya ìlà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀, ọkọ̀ ni a máa ń bá tí wọ́n gúnlẹ̀ sí i. Ìdí tí a fi kọ̀wé nìyẹn.

1. Ojú irin ti wà, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ni kò sí.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2023, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Ti aláwọ̀ pupa, láti Agbado dé Òyìngbò, kìlómítà 27, bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù Ọ̀wàrà 2024. Ẹni tó bá ti há sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ láàárín Mile 2 sí Orílé rí, tí oòrùn ń pa á, tí agogo iṣẹ́ ń lọ, á mọ̀ pé ohun ńlá ni ìjọba ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wọ̀ ọ́, a sì dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í gbé ní ẹnu ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Festac ló ń gbé, Satellite Town ló ń gbé, Akòkà, Bàrígà, Ìyànà Ìpájà. Láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ibi tí yóò ti wọ ọkọ̀ ni ìyà wà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kadà ló ń gbé e. Ní ọjọ́ 1 oṣù Òkúdù 2022, ìjọba lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ápápá, Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Lagos Island àti Lagos Mainland. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún kan náà, wọ́n fi Kòsọ́fẹ́, Múṣin, Òṣòdì-Ìsọlọ̀ àti Ṣómólú kún un. A kò bá ìjọba jà lórí ìyẹn, a ti rí òkú ọ̀kadà tó pọ̀ jù. Ohun tí a ń béèrè ni pé, kí ni ìjọba fi rọ́pò rẹ̀ fún ìrìn kékeré yẹn? Bọ́ọ̀sì kéékèèké tí wọ́n kó jáde ní 2021 wúlò, àmọ́ wọn kò dé gbogbo òpópónà, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ̀ wọ́n láago mẹ́fà àárọ̀ á tò títí ẹsẹ̀ á fi wú.

Lẹ́yìn náà ni epo bẹ́ntiróòlù wọ́n. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Ẹ̀bìbí 2023, jálá epo kò tó 200 náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù Ọ̀wàrà 2024, ó ti ń lọ sí 1,000 náírà. Kòròpé fi owó lé owó, kẹ̀kẹ́ Márúwá náà fi lé e. Òṣìṣẹ́ kan tó ń wọkọ̀ méjì kó tó dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin lè ná owó tó ju ti ọkọ̀ ojú irin fúnra rẹ̀ lọ. Kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta ni ọ̀nà yẹn sábà máa ń jẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere kò ní lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ láti rìn ín, ilẹ̀ Èkó tẹ́jú, kò sí òkè tí ènìyàn máa pọ́n. Ẹ̀rù nìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n gùn ún.

2. Iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ, kì í ṣe eré ìdárayá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ó jọ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ wa lóye. Bí àwọn olóṣèlú bá gbọ́ “kẹ̀kẹ́”, àwọn tí wọ́n ń rí lọ́kàn ni àwa tí a máa ń jáde láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú àṣíborí àti aṣọ tó fún mọ́ra. A wà lóòótọ́, a kò tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa dúró sí oríta kan ní Agége tàbí Múṣin láago márùn-ún àbọ̀ àárọ̀. Ẹ ó rí ọlọ́dẹ tó ń bọ̀ láti ibi tó ti ṣọ́lé mọ́jú. Ẹ ó rí kápẹ́ńtà tó so ayùn àti àpótí irinṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ẹ ó rí ẹni tó ń gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn ìyá alákàrà, tí búrẹ́dì yẹn ga ju orí rẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ ni wọ́n ń gùn, kò ní iná, bíríkì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mú. Àwọn wọ̀nyí kì í wá sí ìpàdé. Wọn kò mọ̀ pé ìlànà 2018 wà. Nítorí wọn gan-an ni a ṣe ń kọ̀wé.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Wọ́n ṣọ̀wọ́n nínú àwọn tí a ń kà lóríta. Àwọn arábìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ wa sọ ìdí rẹ̀ fún wa láìpa ohunkóhun mọ́: àwọn awakọ̀ a máa fún wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, kọ̀ǹdọ́ a máa sọ ìsọkúsọ sí wọn, bí wọ́n bá sì ṣubú, ẹ̀rín ni àwọn kan á kọ́kọ́ rín. Ìyá kan kò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin gun kẹ̀kẹ́ lọ sí iléèwé lórí irú títì bẹ́ẹ̀, a kò sì ní dá a lẹ́bi. Tí ìjọba bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí òun ṣe dára, kó wo bóyá obìnrin àti ọmọ iléèwé ń gba ibẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ kì í sì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ní ayé tí kòkó ń mówó wá, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni olùkọ́ ń gùn lọ sí iléèwé, òun ni akọ̀wé àti ọlọ́pàá ń gùn, òun náà ni àgbẹ̀ fi ń gbé ẹrù lọ sọ́jà. Àwọn bàbá wa kò rò pé ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ jẹ́ tálákà tí kò ní láárí.

3. Bí wọ́n ṣe ń ṣe títì gan-an ń ṣe wá ní jàǹbá.

Irin tí wọ́n fi bo ẹnu gọ́tà ní ọ̀pọ̀ títì, gbọọrọ tẹ̀lé ọ̀nà ni wọ́n tò ó, wọn kò fi dábùú rẹ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ tín-ín-rín. Bó bá ti bọ́ sáàárín irin méjì, ẹni tó ń gùn ún á fò kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ. Ọ̀kan nínú wa pàdánù eyín iwájú méjì bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n yí irin yẹn padà kó dábùú títì kò gba owó ńlá, kò gba ọ̀jọ̀gbọ́n láti òkè òkun, wẹ́dà ló máa ṣe é.

Máńhóòlù tí wọ́n ti jí ideri rẹ̀ lọ tún wà. Bí òjò bá rọ̀, omi á bò ó, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ibi tó wà mọ́ àfi ẹni tó bá bọ́ sínú rẹ̀. Iyanrìn tí wọ́n kó láti inú gọ́tà sí etí títì, tí wọn kò padà wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́, máa ń wà níbẹ̀ títí òjò á fi gbé e padà sínú gọ́tà. Etí títì yẹn náà ni wọ́n ní kí ọlọ́kẹ̀kẹ́ máa gbà. Nígbà tí kò bá sì rí ibẹ̀ gbà, tó bọ́ sáàárín títì, fèrè ọkọ̀ á máa dún sí i lẹ́yìn bí ẹni pé ó jalè.

A fẹ́ sọ èyí kedere: a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí tiwa lọ tú igbá ata ìyá tó ń tajà létí ọ̀nà ká. Ìyá yẹn àti àwa, àìsí àyè ló ń bá gbogbo wa jà. Ẹni tó gbé ọkọ̀ ńlá mẹ́ta gúnlẹ̀ síwájú ilé ìtura láti àárọ̀ di alẹ́ gba àyè ju ìyá yẹn lọ.

4. Eré sísá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn tó tó mílíọ̀nù kan àti 190,000 ló ń kú lójú títì lágbàáyé lọ́dọọdún, àti pé ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ọlọ́kẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà. Wọ́n tún sọ pé bí ìpíndọ́gba eré ọkọ̀ bá fi ìdá 1 nínú 100 lé sí i, ewu ìjàǹbá tó ń pani á fi ìdá 4 nínú 100 lé sí i. Títì àdúgbò níwájú iléèwé kò yẹ kó jẹ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń sá ju kìlómítà 30 ní wákàtí kan lọ. A mọ̀ pé ìwé nìkan kò lè dá dánfó dúró. Gegele tí wọ́n ṣe dáadáa, tí wọ́n kùn kó hàn lálẹ́, lè dá a dúró.

5. Àwọn tó kú lórí kẹ̀kẹ́ kò hàn nínú ìṣirò.

Bí ọkọ̀ bá gbá ọlọ́dẹ kan lórí kẹ̀kẹ́ ní ìdájí, ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀? Bí wọ́n bá kọ ọ́, ṣé gẹ́gẹ́ bí ọlọ́kẹ̀kẹ́ ni, àbí wọ́n á kàn kà á mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ tàbí ọlọ́kadà? A fẹ́ kí LASTMA tó ń darí ọkọ̀ lójú títì Èkó, ọlọ́pàá, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní àkọsílẹ̀ kan náà, tí kẹ̀kẹ́ ológeere ní ojú ìwé tirẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e jáde lọ́dọọdún. A kò lè sọ fún yín pé oríta báyìí ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, bí a kò bá mọ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kú.

6. “Kò sí àyè ní Èkó.”

Èsì tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn nìyẹn, títí kan àwọn ọ̀rẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn. Bọ́ọ̀sì BRT tó ti ń rìn láti Mile 12 dé CMS láti oṣù Ẹrẹ́nà 2008, inú títì tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ̀nà fún un. Ẹnikẹ́ni kò fẹ ilẹ̀ Èkó kí ìyẹn tó ṣeé ṣe. Ìjọba ló pinnu pé bọ́ọ̀sì tó gbé ọ̀pọ̀ èrò yẹ kó ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kò sì fẹ̀ tó ti bọ́ọ̀sì rárá.

Níbòmíràn ńkọ́? Ní orílẹ̀-èdè Netherlands ní 1971, ó lé ní 3,000 ènìyàn tó kú lójú títì, ó sì lé ní 400 nínú wọn tó jẹ́ ọmọdé. Nígbà náà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ìlú wọn ń ṣe ọ̀nà fún, bíi tiwa lónìí. Àwọn òbí bínú jáde sí títì. Ní 1973, epo dọ̀wọ́n, ìjọba wọn ní kí ọkọ̀ má jáde lọ́jọ́ Àìkú fún ìgbà díẹ̀, àwọn ènìyàn sì rí bí ìlú ṣe ń rí láìsí ọkọ̀. Ní 1975, àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Fietsersbond sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán ibi tó léwu, wọ́n sì ń gbé e lọ bá ìjọba ìlú wọn. Irú iṣẹ́ tí àwa náà ń ṣe nìyẹn. Tí ẹ bá ní ọ̀nà Òyìnbó ti jìn jù, Kigali kò jìnnà. Láti 2016 ni wọ́n ti ń ya ọjọ́ Àìkú kan sọ́tọ̀ tí wọ́n máa ń ti àwọn títì kan mọ́ ọkọ̀, nígbà tó yá wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Rwanda kò tó ti Èkó nìkan.

Ohun tí a ń béèrè rèé.

Àkọ́kọ́, ẹ sọ fún gbogbo ará ìlú ohun tí ìjọba ti ṣe lórí ìlànà 2018, títì sí títì, àti iye tí ó wà nínú ìṣúná ọdún yìí fún un. Bí kò bá sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀, ẹ sọ pé kò sí.

Èkejì ni a fi ọkàn sí jù. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo Èkó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibùdó ọkọ̀ ojú irin méjì: Mile 2 àti Yábàá. A yan Mile 2 nítorí Festac. Ìlú tí wọ́n kọ́ fún àjọ̀dún FESTAC ní 1977 ni, títì rẹ̀ fẹ̀, wọ́n là á létòlétò, ó sì fẹ̀gbẹ́ ti ibùdó náà. Kò sí ibi tó tún rọrùn tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí láti la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó ní ìdènà gidi láàárín òun àti ọkọ̀. A ní ìdènà gidi, torí ọ̀dà funfun tí wọ́n kàn fà sílẹ̀ kò dá dánfó dúró rí. A yan Yábàá nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Yábàá Tech wà nítòsí, Yunifásítì Èkó wà ní Akòkà, ọ̀dọ́ tí kò lówó ọkọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ tó máa gùn ún láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ìparí ọ̀nà náà tó léwu jù ni oríta tó wọ ibùdó. Bí wọ́n bá la ọ̀nà dáadáa títí dé ibẹ̀, tí wọ́n wá dá ọlọ́kẹ̀kẹ́ sáàárín oríta, iṣẹ́ náà kò tíì ṣe.

Ẹ̀kẹta, ibi tí a lè so kẹ̀kẹ́ mọ́ ní gbogbo ibùdó ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ pupa àti ní àwọn ibùdó BRT ńlá, tó ní òrùlé, tó ní ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí wọ́n bá jí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan kò ní padà gùn ún. Kí ìwé sì wà ní ojú gbangba tó sọ bóyá ènìyàn lè gbé kẹ̀kẹ́ tó ń ká wọnú ọkọ̀ ojú irin àti wákàtí tó lè gbé e, kí ọ̀rọ̀ náà má wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀kẹrin, kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ ti ìpínlẹ̀ yìí, LASDRI, fi bí a ṣe ń kọjá lára ọlọ́kẹ̀kẹ́ sínú ohun tí wọ́n ń kọ́ awakọ̀ èrò. A ṣetán láti wá, kí a gbé kẹ̀kẹ́ wa wá, kí awakọ̀ dánfó fúnra rẹ̀ gùn ún yí ọgbà náà ká nígbà tí bọ́ọ̀sì bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì mọ bí afẹ́fẹ́ ọkọ̀ tó ń sáré ṣe ń ti ènìyàn lórí kẹ̀kẹ́.

Ti irin ẹnu gọ́tà, gegele àti àkọsílẹ̀ òkú, a ti sọ ọ́ lókè.

Ní tiwa, a kò béèrè owó. Gbogbo fọ́tò tí a ti yà àti gbogbo ohun tí a ti kà lóríta, a máa kó o fún àwọn ẹ́ńjíníà yín lọ́fẹ̀ẹ́. A máa gun ọ̀nà tí ẹ bá yà sórí ìwé pẹ̀lú wọn kí wọ́n tó da sìmẹ́ńtì, kí a lè fi hàn wọ́n ibi tí táyà máa há. A tún fẹ́ kí ẹnì kan láti inú àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún iṣẹ́ òòjọ́, ọlọ́dẹ tàbí oníbúrẹ́dì, jókòó níbi ìpàdé yẹn, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ ọjọ́ náà fún un, torí kò lè fi oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ wá.

Ọjọ́ 3 oṣù Òkúdù ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ ní 2018 fún kẹ̀kẹ́ lágbàáyé. A bẹ̀ yín kí ẹ fún wa ní èsì lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ àti èkejì kí ọjọ́ yẹn tó dé, ní kíkọ sílẹ̀, ní gbangba bí a ṣe kọ tiwa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a ó gun kẹ̀kẹ́ láti First Avenue ní Festac lọ sí ibùdó Mile 2. Kẹ̀kẹ́ kan máa wà nílẹ̀ fún yín, àṣíborí máa wà, a ó sì tò sí ẹ̀gbẹ́ yín lọ́tùn-ún lósì.

Àwa ni tiyín,
Ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni fún kẹ̀kẹ́ gígùn ní Èkó